Àtìpó Tó Ń Wá Àwọn Onílé

Ọkùnrin kan wà tí ó ra ilé tí kò fara kan ilẹ̀. Má wò mí bẹ́ẹ̀, Oyèékànmí. Ọ̀rọ̀ afárá àdúgbò yín tí o gbé wá kò bọ́ lọ́wọ́ mi, màá dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkùnrin yìí, kí o sì fa àga rẹ súnmọ́ mi díẹ̀, nítorí ọ̀fun mi kò gbé ariwo mọ́.

Ọmọ ìlú wa níbí ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn àbúrò rẹ̀ ṣì ń kí mi lójú ọ̀nà. Ó ti lo ọdún mẹ́tàlá ní ìlú olótùútù kan lókè òkun. Ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ń san owó orí, ó ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ onílùú. Àtìpó ni. Láti ilé àyágbé kan ni ó ti ń bọ́ sí òmíràn, títí ó fi sọ lọ́jọ́ kan pé ó tó gẹ́ẹ́, òun náà á ra tòun.

Ilé tí wọ́n ń tà láàárín ìlú yẹn kì í ṣe irú tiwa tó ní àgbàlá àti ògiri tirẹ̀. Kóńdò ni wọ́n ń pè é. Ilé gíga kan ṣoṣo ni, wọ́n á gé e bí ẹni gé búrẹ́dì, olúkúlùkù á ra ègé tirẹ̀. Ogójì ègé ló wà nínú èyí tí mò ń wí. Ti ọkùnrin yìí wà ní àjà kẹwàá, ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò ńlá kan tó la ìlú náà kọjá.

Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìbéèrè. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé òkú kọjá, ọmọ òun á fẹ́ bi òkú náà pé kí ló pa á. Nígbà tí ó jókòó síwájú agbẹjọ́rò tó ń bá a ṣe ìwé ilé, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá ra àjà kẹwàá, ta ló ni àjà kẹsàn-án tó gbé mi dúró?"

"Ẹni tó rà á ni."

"Ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ dúró lé ńkọ́?"

"Gbogbo yín lẹ ni ín."

"Òrùlé ńkọ́? Àtẹ̀gùn ńkọ́? Lífíìtì tó máa ń gbé wa gòkè ńkọ́?"

"Gbogbo yín ni, ọ̀gbẹ́ni. Ohun tó wà nínú ilẹ̀kùn rẹ, tìrẹ nìkan ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ jọ ni ín."

Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó fọwọ́ síwèé. Ó san owó ilé, ó tún san èyí tí wọ́n máa ń gbà lé e lọ́wọ́ àjèjì nìkan. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí agbẹjọ́rò sọ ketekete. Ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o tẹ́tí sí. Nílé wa níbí, bí àlejò bá wọlé, kí la máa ń sọ fún un? "Ẹ fara balẹ̀, ilé yín nìyí." Àlejò tó bá wá tìtorí ìyẹn dìde lọ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò, ṣé a ò ní sọ pé wọn kò kọ́ ọ nílé ni? Ọkùnrin yìí kò fẹ́ ṣí ìkòkò ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe àtìpó ọgbọ̀n ọdún ní ìlú kan lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ó kọ́lé síbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó sí ìpàdé ìdílé tó ta ilẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan rí. Lọ́dọọdún ni á gbé ẹ̀bùn lọ kí wọn, á dọ̀bálẹ̀, á padà sílé rẹ̀. Ohun tí ọmọ rí nìyẹn. Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé àwọn kan ń bẹ níbì kan nínú ilé gíga náà tí wọ́n ni ín gan-an, àti pé ìwà pẹ̀lẹ́ lásán ló mú kí agbẹjọ́rò máa sọ pé ẹ jọ ni ín.

Nítorí náà, nígbà tí ìwé ìpàdé bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ó máa ń kà á tán, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tì í sínú dúrọ́ọ̀.

"Wọ́n mà níwà o," á sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n tún ránṣẹ́ pè wá."

"Ẹ ò wá ní lọ ni?" ìyàwó rẹ̀ á bi í.

"Kí n lọ ṣe kí ni? Ọ̀rọ̀ onílé ni. Èmi àlejò, kí ni mo mọ̀ tí mo fẹ́ sọ?"

Àwọn àgbà ní ojú ni àlejò ní, kò fi ríran. Èmi mọ àlejò tó fọwọ́ ara rẹ̀ di ojú náà. Ọdún mẹ́ta ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Owó ìtọ́jú ilé tí wọ́n bá ní kó san, á san án láìjanpata. Bó bá pàdé ẹnikẹ́ni nínú lífíìtì, á tẹrí ba, á fara mọ́ ògiri, á jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jáde.

Lífíìtì yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Á gòkè dé àárín, á dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Nígbà tó yá, ó kú pátápátá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé kò ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ìwé náà kò kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin wa ń gba àtẹ̀gùn gòkè tòun ti ẹrù ọjà lọ́wọ́, kò ṣàròyé. Ó ń retí kí àwọn onílé tún ilé wọn ṣe.

Ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè máa retí bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá náà ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láti ìgbà tí ọmọ ti kúrò nílé ni ó ti ń sọ pé òun á fojú òun rí ibi tí ọmọ òun ń sùn kí òun tó lọ sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀ ọ́ ní físà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n fún un ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

"Odò tí o sọ pé ó wà nítòsí yín," ìyá ní lórí fóònù, "ṣé omi rẹ̀ tutù?"

"Ó tutù gan-an ni, Màmá."

"Màá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n ní omi tútù dáa fún orúnkún. Ó sì ń wù mí kí n mọ bí omi ọ̀dọ̀ wọn ṣe ń ṣe lára."

O rí i pé ibi tí ọmọ ti kó ìbéèrè kò jìnnà. Ọkùnrin náà gbé fóònù sílẹ̀, ó jáde, ó ka àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọgọ́sàn-án ni. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí ìyá gbé dé òkè, kò tún ní sọ̀kalẹ̀ mọ́ títí bàálù á fi gbé e padà. Ó pinnu pé òun á wá àwọn onílé lọ, òun á bẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ òfìfo kọ́ ni a fi ń lọ bẹ onílé, nítorí náà ó mú aṣọ òfì kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé, tí kò tíì ró rí, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé apá.

Ẹni tó kọ́kọ́ bá ni ọkùnrin tó ń gbá ilé náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí àwọn tó ni ilé yìí?"

Agbálẹ̀ náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin kì í gbé ibí ni?"

"Mo ń gbé ibí."

"Ẹ ò ra tiyín ni?"

"Mo rà á. Àwọn tó ni ín gan-an ni mò ń wá."

Agbálẹ̀ họrí. Oṣù kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyẹn, kò mọ èyí tí ì bá sọ. Ó ní bàbá onírùngbọ̀n kan wà ní àjà keje tó máa ń jágbe mọ́ òun bí gílóòbù bá jó. Ẹni tó bá lè jágbe báyẹn, ó ní láti jẹ́ pé òun ló ni ilé.

Ọkùnrin wa gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà keje. Onírùngbọ̀n ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ìbéèrè náà tán, ó já ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn gbàrà.

"Èmi kẹ̀? Ìlú mìíràn ni èmi náà ti wá, ọdún kẹfà mi rèé. Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ni ín!"

"Èmi? Háà!"

"Ọjọ́ Àìkú gbogbo lẹ máa ń wọ aṣọ ńlá yẹn sọ̀kalẹ̀, tí apá rẹ̀ á máa wọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ní, 'Wò ó, ìjòyè tó ni ilé yìí, àjà kẹwàá ló ń gbé.' Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yà fún yín lọ́nà."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Agbádá tí ọkùnrin yẹn ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ ọ́ di ìjòyè! Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín ṣe ń rọlẹ̀, ìbéèrè kan yọ sí ọkùnrin wa lọ́kàn.

"Ìwé ìpàdé ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń rí i?"

"Mò ń rí i. Mi ò lọ rí. Àtìpó ni mí, kí ni mo fẹ́ lọ sọ? Ẹ lọ bá ìyá àgbà tó wà ní àjà kejì. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Bí onílé bá wà nínú ilé yìí, òun ni."

Mo rí ọ, Oyèékànmí. Ètè rẹ ti ń mì, o fẹ́ pa òwe Sókótó fún mi. Fi òwe rẹ sápò ná, mi ò tíì débẹ̀.

Ìyá àgbà náà fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin wa fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ọ̀nà náà há, ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na aṣọ òfì sí i.

"Ẹ ṣàánú mi, mà. Ìyá mi ń bọ̀, orúnkún ń dùn ún, lífíìtì kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn onílé ẹgbẹ́ yín. Àlejò ni mí. N kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé, ohun tí wọ́n bá ní kí n san ni mò ń san."

Ìyá àgbà gbára lé ọ̀pá rẹ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ojú kan.

"Àjà kẹwàá," ó ní, "ilẹ̀kùn kẹta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọlé. Jókòó."

Ó lọ gbé ìwé ńlá kan wá, ó ṣí i sórí tábìlì. Orúkọ ogójì ló wà níbẹ̀. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, àyè wà fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti pè.

"Òfin ilé yìí ni pé bí àwa tó ni ín kò bá pé ogún ní ìjókòó, a kò lè pinnu ohun ńlá kankan. Lífíìtì jẹ́ ohun ńlá. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti mọ̀ pé ó ń kú lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti pè yín. Ogójì àga ni mo máa ń tò, pẹ̀lú orúnkún tèmi náà. Àwa mẹ́sàn-án la máa ń jókòó. A ó mu tíì, a ó wo ojú ara wa, a ó kó àga padà." Ó gbé ìka lé orúkọ kan. "Ta nìyí?"

"Èmi ni, mà."

Àyè mẹ́rin tó wà níwájú orúkọ náà funfun nini.

"Ó dára. Wá fi orúkọ àwọn onílé tí o ní kí n bá ọ bẹ̀ hàn mí."

Ọkùnrin náà wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rí orúkọ onírùngbọ̀n. Ó rí ti ìyá àgbà fúnra rẹ̀, kò tóbi ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó tún wo tirẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè. Onílé tí ó ti ń wá láti àárọ̀ ló wà lórí àga tí ó jókòó lé.

"Mo rò pé ìgbéraga ni," ìyá àgbà sọ. "Mo rò pé o ń fojú òkè wò wá ni."

"Rárá o, mà. Ìtẹríba ni mo pè é."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. Ó gbé aṣọ òfì náà, ó fọwọ́ ra á, ó yẹ iṣẹ́ ọnà rẹ̀ wò, ó sì dá a padà fún un. "Ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni mo ni ilé tí màá fi gba ẹ̀bùn onílé. Jẹ́ kí ìyá rẹ ró o. Ìwọ lọ bá mi kó ènìyàn wá."

Ní ìlú yẹn, ẹnìkan kì í ṣàdédé kan ilẹ̀kùn ẹnìkejì. Àwọn kan yọjú láti inú ihò ilẹ̀kùn, wọ́n sì padà sórí àga wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin wa àti onírùngbọ̀n lọ kan ilẹ̀kùn, ìrọ̀lẹ́ márùn-ún gbáko. Ohun kan náà ni wọ́n ń bá níbi gbogbo. Ẹni tó ti òkèèrè wá rò pé àwọn ọmọ onílùú ló ni ín. Ọmọ onílùú tó wà nísàlẹ̀ rò pé àwọn olówó òkè ló ni ín. Àwọn tó wà lókè rò pé àwọn tó pẹ́ nísàlẹ̀ ni. Ilé kún fọ́fọ́ fún àlejò, kò sí onílé kankan! Ọkùnrin wa kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. "Ìyá mi ń bọ̀," á wí. "Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, kò lè gun àtẹ̀gùn. Ẹ wá jókòó fún wákàtí kan péré lọ́jọ́ Sátidé." Ta ni kò ní ìyá?

Àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wá. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n bóyá kí wọ́n tún lífíìtì ṣe, gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún méjì kò gbà wọ́n ní ìlàjì wákàtí. Àgbájọ ọwọ́ náà la kúkú fi ń sọ̀yà.

O ti fẹ́ sọ pé ó parí síbi tó dáa. Dúró. Lífíìtì kì í ṣe ilẹ̀kùn tí káfíńtà á tún ṣe lọ́sàn-án kan. Ó láwọn irin tí wọ́n gbọ́dọ̀ rọ ní ilẹ̀ mìíràn kí wọ́n tó kó wọn wá, iṣẹ́ náà sì máa gba oṣù mélòó kan. Nígbà tí ìyá dé, ìwé ṣì wà lára lífíìtì pé kò ṣiṣẹ́.

Ìyá dúró nídìí àtẹ̀gùn, ó gbójú sókè. "Níbo ni ilé rẹ wà?"

"Lókè, Màmá."

"Lókè ibo?"

Onírùngbọ̀n àti àwọn ọkùnrin mìíràn ti gbé àga alápá wá. Wọ́n gbé ìyá lé e, wọ́n ń gbé e gòkè, wọ́n ń sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n bá ti sinmi, ẹnìkan á ṣílẹ̀kùn. Ẹni kan gbé omi wá, ẹni kan gbé tìmùtìmù, ìyá àgbà àjà kejì gbé tíì jáde, àwọn arúgbó méjèèjì sì fi ọwọ́ kan orúnkún ara wọn láìgbọ́ èdè ara wọn. Ó gba ọ̀pọ̀ nínú ọ̀sán náà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé àjà kẹwàá, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"O sọ fún mi pé o ra ilé," ó ní. "O ò sọ fún mi pé agbo ilé ni."

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìyá kò sọ̀kalẹ̀. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n tún máa gbé òun bí ẹrù. Láràárọ̀ ni á jókòó síwájú fèrèsé, á máa wo odò. "Ṣé ó tutù lónìí?" Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ gbé kẹ̀ẹ̀gì lọ bu omi odò náà, ó gbé e gòkè, ó dà á sínú abọ́, ìyá sì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. "O ṣeun," ó ní. "Ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́ kó tó dé òkè."

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí ìyá padà sílé ni lífíìtì tó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ìyá jókòó sórí òkúta létí odò, ó fi aṣọ òfì bora, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. "Yéè! Ó mà tutù lóòótọ́ o!" Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ síbẹ̀, títí ọjọ́ méjìlá fi pé.

Ìyá padà sílé níbí, kò sì tún lọ síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Bóyá o ti mọ ẹni tí mò ń sọ báyìí, torí o bá wa dé ibi ìsìnkú náà. Ẹ̀gbẹ́ ibojì ni ọmọ yẹn ti sọ̀rọ̀ fún mi. Ó ní, "Bàbá, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n fún ìyá mi. Méjìlá ni ó fi fẹsẹ̀ kan omi. Méjìdínlọ́gọ́rin tó kù, èmi ni mo fi ìtẹríba gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó yá, Oyèékànmí, ọ̀rọ̀ afárá kù. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí o ti kọ́lé sí àdúgbò yẹn. Pákó afárá ti jẹrà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń gba inú omi kọjá, òjò ńlá sì ń bọ̀. O wá bi mí pé ìgbà wo ni àwọn onílùú máa tún un ṣe. O ní ọmọ ibòmíràn ni ọ́, o ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àlejò ń ṣe ju onílé lọ. Ilẹ̀kùn mélòó lo ti kàn ní àdúgbò náà láti ọdún mẹ́sàn-án? Má dá mi lóhùn.

Ọkùnrin tó ń ta sìmẹ́ńtì ní ọ̀kánkán ilé rẹ wá síbí níjẹta. Lórí àga tí o jókòó lé yẹn ni òun náà jókòó. Ó ní àjèjì ni òun, òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ onílùú sọ̀rọ̀ níbí. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun bẹ ẹni tó ni ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí tòun, kó ṣàánú àwọn ọmọ, kó dá sí ọ̀rọ̀ afárá náà. Ilé rẹ ni, Oyèékànmí. Dìde, máa lọ. Òun ni kí o kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.